Ipò Omi Èso Nínú Oúnjẹ Ọmọdé: Ohun Mẹ́ta Tí Olùkọ́ Gbọ́dọ̀ Yà Sọ́tọ̀

Ìfáàrà
Júùsì inú páálí kì í wọ́n nínú àpò oúnjẹ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi. Òbí tó rà á gbà pé èso ni òun fún ọmọ. Nínú iṣẹ́ yìí, a ṣàlàyé ìdí tí èso, omi èso àti ohun mímu aládùn kò fi jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí ohun tí a bá kọ́ olùkọ́ ọ̀la ni yóò lọ kọ́ ọmọ.

Èso àti omi rẹ̀
Ọsàn ní fítámì C, ṣúgà àdánidá àti fáíbà. Bí a bá fún un sínú ife, èyí tó pọ̀ jù nínú fáíbà yóò lọ, ṣúgà yóò kù. Bíi ọsàn mẹ́ta ni a ó fún kí ife kan tó kún. Ọmọ tí ọsàn kan tó yóò gbé ife náà mu tán kíá, kò sì ní í yó. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2015, fi ka ṣúgà inú omi èso mọ́ ṣúgà tó yẹ kí a dín kù. Kò ka ti odidi èso mọ́ ọn. Ṣúgà yìí náà ló ń ba eyín ọmọ jẹ́.

Ó yẹ kí a wo àṣà tiwa náà. Mímu ni Yorùbá ń mu ọsàn: a ó gé orí rẹ̀, a ó fún omi rẹ̀ sẹ́nu, a ó sọ ìyókù nù. Fáíbà wà nínú ìyókù náà. Ó sàn kí a bó o, kí a là á, kí ọmọ jẹ ẹ́ tinú-tinú.

Ìwọ̀n
Lọ́dún 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 má mu omi èso rárá. Kí ti ọmọ ọdún 1 sí 3 má ju mílílítà 120 lọ lójúmọ́. Kí ti ọmọ ọdún 4 sí 6 má ju 180 lọ.

Àwòrán orí páálí
Àwòrán ọsàn kò sọ ohun mímu di omi ọsàn. Èròjà tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ sára páálí. Bí omi àti ṣúgà bá ṣáájú, ohun mímu aládùn ni.

Àgbálọgbábọ̀ àti àbá
A kò sọ pé omi èso burú. Fítámì C inú rẹ̀ ń jẹ́ kí ara rí èròjà irin inú ẹ̀wà lò. Ṣùgbọ́n odidi ọsàn lẹ́yìn ẹ̀wà ń ṣe iṣẹ́ yìí kan náà. A dábàá pé:
1. kí àtẹ oúnjẹ aṣaralóore ya ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀;
2. kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kó páálí òfìfo wá sí kíláàsì, kí wọ́n ka ara rẹ̀;
3. kí a gba òbí níyànjú láti fi omi àti èso ìgbà, bí ìbẹ́pẹ, máńgòrò tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, sínú àpò ọmọ.