Ta Ni Yóò Gbé Ìdájọ́ Náà Dé Géètì Ilé Ẹ̀kọ́?

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé ní Gwagwalada, ẹ̀bá ọ̀nà tí ó lọ sí Lọ́kọ́ja a máa kún fún àwọn ọmọ nínú yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ oríṣiríṣi. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò wọ́n yóò rí àwọn ọmọbìnrin kan tí wọ́n jáde nílé pẹ̀lú híjáàbù lórí, tí wọ́n sì ń bọ́ ọ sínú báàgì kí wọ́n tó kọjá géètì. Nígbà tí wọ́n bá jáde ní ọ̀sán, wọn a tún wọ̀ ọ́ padà, kí ìyá wọn má baà béèrè. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ẹni tí ó ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní rí orúkọ ẹnì kan dá.

Olùkọ́ ni mí, mo sì mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí láti inú ọgbà. Olùkọ́ tí ó dúró ní géètì kò mú ìwé òfin kankan lọ́wọ́. Àṣẹ ẹnu tí ó bá nílẹ̀ ni ó ń tẹ̀lé. Ó rí aṣọ tí kò sí nínú yunifọ́ọ̀mù, ó ní kí ọmọ yọ ọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kò lè bá a jiyàn. Ọmọ tí a bá sì kọ́ dáadáa nílé, tí a ti sọ fún pé kò gbọdọ̀ wo àgbà lójú kí ó máa dá a lóhùn, òun gan-an ni kò ní lè sọ ohunkóhun. Àwa tí a kọ́ ọ ní ìtẹríba ni a tún rán an lọ síbẹ̀ ní òun nìkan, pé kí ó lọ gba ẹ̀tọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún. Ẹ̀yin ará mi, èyí kò tọ́.

Ẹjọ́ náà ti parí, ó sì yẹ kí gbogbo ilé mọ bí ó ṣe parí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí má ṣe wọ híjáàbù mọ́ yunifọ́ọ̀mù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀ka ti Èkó, pẹ̀lú àwọn ọmọdébìnrin méjì tí àwọn òbí wọn dúró fún, pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, Adájọ́ Grace Onyeabo ti ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà dá ìjọba láre. Ó ní ìjọba tí ó ń náwó sí ilé ẹ̀kọ́ ní agbára láti sọ irú aṣọ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò wọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò dákẹ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 2016, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ yẹn padà. Adájọ́ márùn-ún ni ó jókòó, ohùn wọn sì ṣọ̀kan pé híjáàbù jẹ́ ara àṣẹ ẹ̀sìn àti ìjọsìn Mùsùlùmí, àti pé ẹni tí ó bá dí ọmọ lọ́wọ́ láti wọ̀ ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ti tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìjọba Èkó gbé e dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022, márùn-ún nínú adájọ́ méje ibẹ̀ dá àwọn ọmọ náà láre, méjì tako wọn. Láti ìdájọ́ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn jẹ́ ọdún mẹ́jọ ó dín oṣù mẹ́rin. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kìíní girama nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ti lè jáde girama, kí ó sì ti wà ní yunifásítì.

Ẹnì kan lè wí pé, ọ̀rọ̀ Èkó ni èyí, kí ni ó kan Gwagwalada? Ó kàn án púpọ̀. Abala 38 nínú ìwé òfin ọdún 1999, tí ó fún olúkúlùkù ní òmìnira láti gba ẹ̀sìn tirẹ̀ gbọ́ kí ó sì máa hù ú ní ìwà, ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba, ni ẹjọ́ náà dá lé lórí, abala yìí sì kan olú-ìlú bí ó ti kan ìpínlẹ̀ gbogbo. Abala 287 nínú ìwé kan náà sì fi lélẹ̀ pé gbogbo aláṣẹ àti gbogbo ènìyàn, níbikíbi ní Nàìjíríà, ni ó gbọ́dọ̀ mú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ṣẹ. Pirinsípà ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Gwagwalada wà lára wọn.

Ní Àbújá wa níbí pàápàá, a ti rí ohun tí ó jọ ọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, wọn kò jẹ́ kí Amasa Firdaus, ọmọ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Ìlọrin, wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gba àwọn amòfin tuntun wọlé, nítorí pé ó kọ̀ láti bọ́ híjáàbù tí ó wọ̀ sábẹ́ wíìgì amòfin. Ní oṣù Keje ọdún 2018, wọ́n gbà á wọlé pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé àgbàlagbà ni, òfin ni ó kọ́, síbẹ̀ ó dúró fún oṣù méje. Kí ni kí ọmọ kíláàsì kìíní ṣe?

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe na ìdájọ́ náà kọjá ibi tí ó dé. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni pọ̀ ní agbègbè wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti ìjọ. Òbí tí ó bá sanwó, tí ó fọwọ́ sí ìwé òfin ilé ẹ̀kọ́ láìkà á, tí ó wá ń pariwo ní ọ̀sẹ̀ kejì, ara rẹ̀ ni ó dá ní wàhálà. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá bá yín lára mu, ẹ mú ọmọ lọ sí ibòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni irú aṣọ tí a ń béèrè. Ní ìlú Luton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹ̀kọ́ Denbigh gba àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí láàyè láti wọ ìbòrí tí àwọ̀ rẹ̀ bá yunifọ́ọ̀mù mu; Mùsùlùmí ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní jálábíà gígùn tí ó bo gbogbo ara ni òun yóò máa wọ̀. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ tí ó ga jùlọ níbẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2006, ilé ẹ̀kọ́ ni ó jàre. Ọ̀tọ̀ ni òfin tiwọn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀ fún wa. Súúrátu Núúr, ẹsẹ 31, ní kí ìbòrí bo àyà. Kò sọ àwọ̀ rẹ̀ fún wa. Ẹ rán híjáàbù ọmọ yín ní àwọ̀ yunifọ́ọ̀mù tàbí funfun, kí ó mọ́, kí ó má ní ọ̀ṣọ́ tí ń dán yanranyanran. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀ ọ́ kò ní rí ohun mìíràn tọ́ka sí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ gbogbo wa nínú. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2016, Adájọ́ Jide Falola ní Òṣogbo dájọ́ pé kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí máa wọ híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ Onígbàgbọ́ kan fi wọ aṣọ akọrin àti aṣọ ìjọ wá sí ilé ẹ̀kọ́ girama Baptist ní Ìwó. Ọ̀pọ̀ nínú wa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 2022 bákan náà, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ, agbẹjọ́rò Malcolm Omirhobo wọ aṣọ abọrẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ kan náà, ó ya ẹfun yí ojú ká, kò wọ bàtà. Mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ àti ìjà ni àwọn méjèèjì fi ṣe. Síbẹ̀, abala 38 kò dárúkọ ẹ̀sìn kankan. Bí ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tàbí ọmọ onísẹ̀ṣe bá ní ohun kan tí ẹ̀sìn rẹ̀ pa á láṣẹ fún un ní tòótọ́ láti wọ̀, a kò lè fi ẹnu wa sọ pé kó bọ́ ọ. Àti pé ní Ijagbo, ìpínlẹ̀ Kwara, ní oṣù Kejì ọdún 2022, ẹ̀mí sọnù nínú ìjà híjáàbù ní géètì ilé ẹ̀kọ́. Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n jà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ni wọ́n pàdánù ẹ̀kọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á fi ìwé ṣe é, kí a sì ṣe é ní ìgbà ìsinmi, kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé. Kí òbí mẹ́ta mẹ́rin tí ọmọ wọn wà ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà pawọ́ pọ̀ kọ lẹ́tà sí pirinsípà, ní èdè ìtẹríba, kí wọ́n fi ẹ̀dà ìdájọ́ ọdún 2022 há a lára, kí wọ́n sì gba ìbuwọ́lù pé lẹ́tà dé. Kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà sí iwájú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Bí kò bá sí èsì, kí wọ́n gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ tí ń bójútó ilé ẹ̀kọ́ girama ní olú-ìlú. Lẹ́yìn ìyẹn, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Àbújá, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mú ẹ̀sùn wá.

Ní ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, kí ìyá tàbí bàbá bá ọmọ náà dé géètì, pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ́wọ́. Bí olùkọ́ bá ní ìbéèrè, òbí ni kí ó dá a lóhùn, kí ọmọ máa lọ sínú kíláàsì.