Ṣé O Mọ̀? Ọjọ́ Tí Vienna Wọ Aṣọ Ayé Àtijọ́
Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin, ọdún 1879, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tò lọ rẹrẹẹrẹ lójú pópó Ringstrasse ní Vienna, láti fi yẹ́ Olú-ọba Franz Joseph ti Ọsítíríà àti Elisabeth ìyàwó rẹ̀ sí: ìgbéyàwó wọn pé ọdún 25. Gbajúmọ̀ ayàwòrán, Hans Makart, ló ya bí aṣọ àti ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin àwọn tó tò lọ náà yóò ṣe rí. Ilẹ̀ ọba Ọsítíríà kún fún oríṣiríṣi ẹ̀yà àti èdè, àmọ́ aṣọ ayé Dürer àti Rubens, àwọn ayàwòrán àtijọ́, ni Makart yàn fún wọn: alápatà, aṣebúrẹ́dì, gbogbo wọn. Kódà, ó ṣètò ọkọ̀ kan fún iṣẹ́ rélùwéè. Bẹ́ẹ̀, ta ló rí rélùwéè láyé Rubens? Makart alára gun ẹṣin funfun, ó dé fìlà gbàràmù-gbaramu.