ILẸ̀KÙN ỌKỌ̀ NI ÀPÓTÍ OHÙN

 

Ọ̀rọ̀ tòní jẹ mọ́ bọ́ọ̀sì tí a fi ń kó ọjà. Láti Mile 12, gba Ketu àti Ojota wá sí Anthony, rédíò ni ẹnìkejì wa lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì tiwa, ohùn kì í já gaara. Ilẹ̀kùn ni ó ń gbọ̀n jìgìjìgì. A ní sípíkà ló ti gbó. A dáwó jọ, a ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Pàbó ló já sí! Dírẹ́bà wá ń yí i sókè títí kò fi gbọ́ họ́ọ̀nù ọkọ̀ ẹ̀yìn mọ́. Ẹ ò rí i pé ewu ni?

Rewáyà kan ló là wá lójú. Sípíkà ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó sì ń fa ti ẹ̀yìn lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí ihò bá wà lára irin inú ilẹ̀kùn, ohùn ẹ̀yìn á gba ibẹ̀ wá pàdé ti iwájú, wọn á sì pa ara wọn. Béèsì, ohùn tó ń rinlẹ̀ bí ìyáàlù, ló máa ń kọ́kọ́ sọnù.

Èkejì, páànù ilẹ̀kùn fẹ́lẹ́. Bí a bá lu agogo tí a sì fọwọ́ dì í mú, ṣé yóò dún gooro? Rárá o. Onílù bàtá pàápàá ń lẹ ìda mọ́ ojú ìlù rẹ̀ kí ohùn má baà ta jù. Iṣẹ́ tí rọ́bà tó wúwo ń ṣe lára páànù nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí:

1. Kí wọ́n tú awọ inú ilẹ̀kùn, kí wọ́n nu eruku àti ọ́ìlì kúrò, kí ó gbẹ dáadáa.

2. Kí wọ́n lẹ rọ́bà náà mọ́ ẹ̀yìn páànù ìta. Kò pọn dandan kí ó bo gbogbo rẹ̀. Ibi tó ń dún jù ni kó wà.

3. Kí wọ́n dí àwọn ihò ńlá irin inú, kí wọ́n fi fóòmù sí etí sípíkà, kí wọ́n de wáyà tó ń jó.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dí ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ pátápátá o! Omi òjò tó gba etí gíláàsì wọlé, ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Bí wọ́n bá dí i, ilẹ̀kùn á dípẹtà. Ẹ má sì gba kọ̀ltá ojú títì. Oòrùn á yọ́ ọ, á sì máa rùn.

Èyí kò ní kí ariwo Ikorodu Road má wọlé mọ́ o, ṣùgbọ́n a ó gbọ́ ọ̀rọ̀ láì yí rédíò sókè jù.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ ra sípíkà ní Ládípọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ìka kan ilẹ̀kùn yín. Bí ó bá dún gbàn-ín bí agolo òfìfo, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Owó ọjà kò gbọdọ̀ ṣòfò.