Ohùn Òǹkọ̀wé Nínú Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì

Bí ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì bá béèrè ohùn òǹkọ̀wé, akẹ́kọ̀ọ́ wa a kọ “ohùn ìbànújẹ́”, a sì dákẹ́. Máàkì a sì bọ́. Ta ni ó ń sọ̀rọ̀? Ta ni ó ń bá wí? Ọ̀rọ̀ wo ni ó fi í hàn? J. P. Clark àti Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fún ewì wọn ní àkọlé kan náà, “Abiku”. Olùsọ̀rọ̀ Clark ń bẹ àbíkú kí ó dúró, nítorí ìyá tí ó ti rẹ̀. Nínú ti Ṣóyínká, tí ó wà nínú ìwé Idanre (1967), àbíkú fúnra rẹ̀ ni ó ń fọ́nnu, tí ó ń fi ẹ̀gbà àti oògùn ṣẹ̀sín. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ẹ fi orúkọ ilé wa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà: Málọmọ́ ń bẹ̀bẹ̀; Kòsọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀, kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ mọ́. (Ọmọ tí ó ti Ẹmùré wá kò nílò ìwé atúmọ̀ fún èyí.) Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ṣí ewì.