Iná LED Àfọwọ́ṣe fún Ọ̀gbìn Inú Ilé: Ìlànà, Ìṣirò àti Ìlò Rẹ̀ fún Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì ní Ìlútítun

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí olùkọ́ ṣe lè fi ohun èlò tó wà lọ́jà to iná LED tí ọ̀gbìn kéékèèké yóò fi dàgbà nínú ilé. A wo ohun tí ewé ń fẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀, a ṣe ìṣirò iye iná tí tíréè ọ̀gbìn kan ń gbà, a sì fi hàn pé irú iná bẹ́ẹ̀ kò lè rọ́pò oòrùn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Èrò wa ni pé irinṣẹ́ ìwádìí àti ìkọ́ni ni ó jẹ́, kì í ṣe ọ̀nà àtigbé oko wọ inú yàrá.

1. Ìfáàrà

Ìlútítun wà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilẹ̀ igbó ni, òjò pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe púpurú sì wà lára ohun tí àwọn ènìyàn gbójú lé. Ẹni tó bá gbọ́ pé a fẹ́ fi iná gbin nǹkan ní irú ibẹ̀ lè béèrè pé kí ni oòrùn ṣe. Ìbéèrè náà tọ̀nà, òun gan-an ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn.

Ohun méjì ni ó mú kí ìdáhùn rẹ̀ ṣe pàtàkì. Èkíní ni pé iná tí wọ́n ń pè ní ti ọ̀gbìn, pàápàá èyí tó ń tàn bí elésè àlùkò, ti wọ ọjà, ọ̀rọ̀ ìpolówó rẹ̀ sì máa ń pọ̀ ju ohun tí ó lè ṣe lọ. Olùkọ́ tí kò bá mọ ìṣirò rẹ̀ yóò ná owó oṣù rẹ̀ sí iṣẹ́ tí fèrèsé lè ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì ni ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Láàárín ọdún 2010 sí 2023, ọ̀pọ̀ ìlú ní ẹkùn gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó lo ọdún púpọ̀ nínú òkùnkùn láìní iná ìjọba. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ to irú iná yìí ní agbègbè náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro ibi tí agbára rẹ̀ yóò ti wá.

2. Ohun tí ewé ń wá nínú ìmọ́lẹ̀

Àwọn àgbà ní ohun tí ojú wá ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń wá kọ́ ni ewé ń wá. Àwọ̀ tó wà láàárín àwọ̀ ewé àti ìyeyè ni ojú ènìyàn ń rí dáadáa jù lọ, ojú ènìyàn yìí sì ni wọ́n fi díwọ̀n lúmẹ̀nì tí wọ́n ń kọ sára páálí gílóòbù. Ewé ní tirẹ̀ ń lo ìmọ́lẹ̀ láti nǹkan bí 400 dé 700 nanomítà láti fi omi àti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáídì ṣe oúnjẹ.

Èròjà aláwọ̀ ewé tó wà nínú ewé a máa fa pupa àti búlúù mu ju àwọ̀ yòókù lọ. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti rí ọ̀rọ̀ sọ nípa iná elésè àlùkò. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé kò ṣòfò. Ó máa ń wọ inú ewé jìn ju àwọn méjèèjì lọ. LED funfun, tí ó jẹ́ LED búlúù tí a fi èròjà aláwọ̀ ìyeyè bò lójú, ní gbogbo àwọ̀ wọ̀nyí nínú. Lábẹ́ rẹ̀ ni olùkọ́ ti lè rí i bí ewé bá ń pọ́n tàbí bí kòkòrò bá ń jẹ ẹ́, nígbà tí iná elésè àlùkò máa ń sọ gbogbo ewé di dúdú lójú ẹni. LED funfun ni a ó lò níhìn-ín.

Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò fún ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé ewé ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni máíkírómóòlù. Oòrùn ọ̀sán gangan ń fún mítà onígun mẹ́rin kan ní nǹkan bí 2,000. Ọ̀gbìn kéékèèké, bí i ti tòmátò àti ata, lè ṣe dáadáa ní 100 sí 300 bí ìmọ́lẹ̀ náà bá pẹ́ tó lóòjọ́. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kò sí nínú wọn, nítorí ewéko tó fẹ́ràn oòrùn líle ni.

3. Ibi tí irú iná yìí ti wúlò

Ọdún 1962 ni Nick Holonyak ṣe LED pupa tí ojú lè rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 kí búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa tó jáde. Iṣẹ́ yìí ni Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014. Ní ọdún 2014 kan náà ni àjọ NASA ti Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ ọ̀gbìn onílẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń pè ní Veggie lọ sí ibùdó òfuurufú, àwọn arìnrìn-àjò ibẹ̀ sì jẹ lára ewébẹ̀ lẹ́tíùsì tí wọ́n gbìn lábẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2015.

Nítòsí wa, ní Ìbàdàn, àjọ IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 máa ń tọ́jú ọ̀gbìn ẹ̀gẹ́ àti iṣu nínú ìgò lábẹ́ iná, kí irúgbìn tí kò ní àrùn lè dé ọwọ́ àgbẹ̀. Oòrùn kò wọ́n ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìgò bẹ́ẹ̀ sí oòrùn, ooru yóò se ohun tó wà nínú rẹ̀. Kùrukùru a sì máa mú kí ìmọ́lẹ̀ òní yàtọ̀ sí tàná. Iná ni ó jẹ́ kí wákàtí àti ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ dọ́gba lójoojúmọ́. Àpẹẹrẹ méjèèjì fi ohun kan náà hàn: ibi tí oòrùn kò lè dé, tàbí ibi tí a ti gbọ́dọ̀ ṣàkóso ìmọ́lẹ̀, ni iná yìí ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

4. Ohun èlò àti bí a ṣe ń tò ó

Ohun èlò tí a nílò nìwọ̀nyí: okùn LED funfun onífóólìtì 12, irú èyí tí mítà kan rẹ̀ ń gba wáàtì 14.4, páànù alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ, wáyà pupa àti dúdú, fíúsì áńpíà 3, bátìrì fóólìtì 12, páánẹ́lì sólà àti kọntírólà rẹ̀, àti okùn tí a ó fi gbé e kọ́. Bí a ṣe ń tò ó nìyí:

(i) A ó gé okùn LED sí mẹ́ta, 60 sẹ̀ǹtímítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ibi tí wọ́n sàmì sí nìkan ni a ti ń gé e; bí a bá gé e níbòmíràn, apá ibẹ̀ kò ní tàn.

(ii) A ó nu páànù mọ́, a ó sì lẹ okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn, kí àyè tó wà láàárín wọn dọ́gba. Páànù yìí ni yóò máa gba ooru kúrò lára LED, nítorí ooru ni ó tètè ń pa á.

(iii) A ó jó wáyà pupa mọ́ ojú tí wọ́n kọ àmì ìròpọ̀ sí lára okùn kọ̀ọ̀kan, a ó sì jó dúdú mọ́ ojú àmì ìyọkúrò. Gbogbo pupa yóò pàdé, gbogbo dúdú náà yóò pàdé.

(iv) A ó fi fíúsì sí ojú wáyà pupa, nítòsí bátìrì, kí a tó so ohunkóhun pọ̀ mọ́ kọntírólà.

(v) A ó gbé iná kọ́ sí òkè ọ̀gbìn, bí i 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà sí orí ewé, a ó sì máa gbé e sókè bí wọ́n ṣe ń ga. Bí ọ̀gbìn bá ń ga gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tí igi rẹ̀ tín-ín-rín, ìmọ́lẹ̀ kò tó o. Bí ewé òkè bá ń ṣì láwọ̀, iná ti sún mọ́ ọn jù.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Fóólìtì 12 ni a yàn kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà fọwọ́ kan iná ilé tí ó lè pànìyàn. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà ni kí bátìrì wà, kí omi ọ̀gbìn má sì kàn án. Nígbà tí bátìrì bá ń gba agbára lọ́wọ́ páánẹ́lì, fóólìtì rẹ̀ lè kọjá 14, èyí tó lè mú LED gbóná jù. Alẹ́ ni ó dára kí a máa tan iná náà.

5. Ìṣirò: ṣé ó tọ́ sí ìnáwó?

Tíréè wa jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà ní òró àti 30 ní ìbú, ìyẹn 0.18 mítà onígun mẹ́rin. Bí a bá fẹ́ 150 máíkírómóòlù, 0.18 × 150 = 27 ni ó gbọ́dọ̀ bà lé tíréè ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a ka ohun tí wáàtì kan ń mú wá sí 1.5, kí a sì gbà pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá rẹ̀ yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ó ku nǹkan bí 1.05. A ó nílò wáàtì 26, èyí tí mítà 1.8 okùn wa yóò pèsè.

Bí a bá fẹ́ kí iná yìí nìkan bọ́ ọ̀gbìn fún wákàtí 14 lóòjọ́, 26 × 14 = 364 wáàtì-wákàtí ni a ó lò. Bátìrì yóò tú nǹkan bí áńpíà-wákàtí 30 sílẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti yẹ kí a lo bátìrì olómi kọjá ìdajì, ti 60 ni a ó rà. Bí a bá ka oòrùn tó lágbára sí wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, tí a sì fi àyè sílẹ̀ fún òfò, páánẹ́lì wáàtì 120 ni yóò gbà. Ẹ wò ó dáadáa: páánẹ́lì bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin tíréè náà. A ń kó oòrùn tó bọ́ sí ààyè mẹ́rin jọ láti fi bọ́ ẹyọ kan, nígbà tó jẹ́ pé bí a bá gbé tíréè síta, oòrùn yóò bá a níbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí ó bá jẹ́ àfikún ni. Ní ìgbà òjò, tí ojú ọ̀run ń ṣú, a lè fi tíréè sí ojú fèrèsé lọ́sàn-án, kí a sì fi iná kún un fún wákàtí mẹ́rin lálẹ́: 26 × 4 = 104 wáàtì-wákàtí. Bátìrì áńpíà-wákàtí 18 àti páánẹ́lì wáàtì 40 lè gbé ìyẹn. Ọ̀pọ̀ kọntírólà sì ní ètò tí ń tan iná bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ń pa á lẹ́yìn wákàtí tí a bá yàn. Kí a má ṣe lò ó fún ẹ̀wà sóyà ṣá, nítorí bí ọjọ́ bá gùn lójú rẹ̀, yóò pẹ́ kó tó yọ òdòdó.

6. Ìlò rẹ̀ nínú kíláàsì

Kí olùkọ́ gbin irúgbìn tòmátò kan náà sínú tíréè mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, kí ilẹ̀ àti omi wọn dọ́gba. Àkọ́kọ́ yóò wà lójú fèrèsé; èkejì yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú àfikún iná lálẹ́, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ti ní kan àkọ́kọ́; ẹ̀kẹta yóò wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn. Ní ọjọ́ keje, ìkẹrìnlá àti ìkọkànlélógún, kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn gíga wọn, kí wọ́n ka ewé wọn, kí wọ́n sì kọ àwọ̀ wọn sílẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ti inú kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò sábà ga jù. Kí olùkọ́ má ṣe sáré ṣàlàyé rẹ̀. Kí ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jiyàn. Wọn yóò rí i fúnra wọn pé ọ̀gbìn náà ń ná gbogbo oúnjẹ inú irúgbìn láti wá ìmọ́lẹ̀ kiri, pé igi rẹ̀ kò lókun, ewé rẹ̀ sì pọ́n. Gíga nìkan kọ́ ni àmì ìdàgbàsókè. Ìwádìí Ifẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, tí Babs Fafunwa ṣáájú rẹ̀ láti 1970, ti fi hàn pé ọmọ lè fi èdè Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni a lè fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe.

7. Ìkádìí

A ti fi hàn pé iná LED àfọwọ́ṣe kò ṣòro láti tò, pé funfun tó fún ọ̀gbìn kéékèèké, àti pé ìṣirò ni ó yẹ kó ṣáájú ìrajà. Àgbẹ̀ Ìlútítun tó ní ilẹ̀ àti oòrùn kò nílò rẹ̀ fún oko rẹ̀. Olùkọ́ tó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe sí ewé nílò rẹ̀, tíréè kan péré sì tó o láti bẹ̀rẹ̀. A dá a lábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan to ọ̀kan kí ó tó lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, kí ó sì ti ṣe ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé kí ó tó na kọ́bọ̀ kan.