Ẹ̀yìn tó ń dùn yín yẹn, kì í ṣe ká fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́

Bí ìrora bá mú èèyàn láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi ní kó dojú bolẹ̀, kóun fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lè padà sípò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń jókòó ti laptop látàárọ̀ dalẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà.

Díìsìkì ló wà láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì, bíi tìmùtìmù. Ara rẹ̀ le, inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Bí ara rẹ̀ bá ya, inú á yọ síta, á lọ bá iṣan tó lọ sẹ́sẹ̀. Láti 1934 tí Mixter àti Barr, dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé títẹ̀ tó tẹ iṣan yẹn ló ń fa wàhálà.

Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1993, Kjell Olmarker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden mú nǹkan inú díìsìkì ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n fi í sórí iṣan rẹ̀ láìtẹ iṣan náà rárá. Síbẹ̀, iṣẹ́ iṣan náà falẹ̀. Ní 1998, Olmarker tún fi hàn pé TNF wà lára ohun tó fà á. Purotéènì ni TNF, bíi ti interleukin. Àwọn ni ońṣẹ́ tó ń ké sí àwọn ọmọ ogun ara. Tí wọ́n bá pọ̀ nídìí iṣan, ibẹ̀ á wú, á máa ta èèyàn bí ata lójú egbò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: àwọn ońṣẹ́ yìí kan náà ló ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa jẹ ohun tó yọ síta náà tán. Ìdí nìyẹn tára ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹsẹ̀ ta ló fẹ́ bá wọn ṣe irú iṣẹ́ yẹn? Ṣe ni títẹ̀ lè mú kó ya sí i.

Oògùn àpòpọ̀ tẹ́ ò mọ orúkọ rẹ̀ náà ńkọ́? Tí sitẹ́rọ́ọ̀dù bá wà nínú rẹ̀, ó lè gbé ṣúgà àti ìfúnpá yín sókè. Ẹ rí dókítà, ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ má sùn gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì.

Àmọ́ tí ìtọ̀ bá há, tẹ́ ò lè mú ìgbẹ́ dúró, tí abẹ́ bá kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń rọ, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an ni o.