Àgbàdo Funtua àti Ìṣẹ́ Ará Oko

Ẹ̀yin ará wa ní òkè Ọya, nígbà tí àgbàdo tuntun bá dé, ẹ̀bá títì wo ni kì í ta sánsán àgbàdo sísun ní Ungwan Boro níhìn-ín? Púpọ̀ nínú wa tí a ń rà á jẹ ni kò mọ̀ pé àlejò bíi tiwa ni ọ̀kan nínú irú àgbàdo tí ó gbilẹ̀ níhìn-ín, àti pé Ìbàdàn ni ó ti wá.

Nígbà tí àwọn bàbá wa kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Kaduna, ọkà bàbà ni olórí oúnjẹ oko; ìwọ̀nba àgbàdo ni wọ́n ń gbìn sí ẹ̀yìnkùlé. Ní 1975, pẹ̀lú owó tí a yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé, ìjọba dá ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Funtua, ní Gusau àti ní Gombe. (Funtua kò tíì bọ́ sí Katsina nígbà náà, 1987 ni a yọ Katsina lára Kaduna.) A la ọ̀nà dé abúlé, ajílẹ̀ òyìnbó sì di ọ̀pọ́, nítorí ìjọba ń bá àgbẹ̀ san nínú owó rẹ̀. Àgbàdo TZB, tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, mú jáde, tàn ká. Kí 1989 tó parí, àgbàdo ti di ohun tí àgbẹ̀ ń tà gba owó.

N kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà náà wúlò. Irúgbìn náà wúlò, nítorí àgbẹ̀ lè fi nínú èyí tí ó kórè pamọ́ gbìn lọ́dún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ńláńlá ni ẹ̀yáwó àti katakata kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Tálákà di ẹni tí ń wọ̀nà fún ọkọ̀ ajílẹ̀. Ètò SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, ajílẹ̀ gbówó lórí. Àgbàdo kò mọ̀ pé náírà já. Bí ó ti ń jẹun tẹ́lẹ̀ náà ni ó ṣì ń jẹ.

Ilẹ̀ ṣá. Koríko tí Hausa ń pè ní wuta-wuta, èyí tí í ṣe iná-iná, sì rí ààyè. Òdòdó rẹ̀ dùn ún wò, ṣùgbọ́n ara gbòǹgbò àgbàdo ni ó ti ń mu, irúgbìn rẹ̀ sì lè sùn nínú ilẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Ògbufọ̀ ni mí. "Ìdàgbàsókè tí ó lè tọ́jọ́" ni mo máa ń kọ nígbà tí gbólóhùn náà bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, lemọ́lemọ́ ni ó sì ń bọ́. Ohun tí mo rí tí ó jọ ọ́ jù ni ẹ̀wà sóyà. Bí àgbẹ̀ bá gbìn ín lọ́dún kan, tí ó gbin àgbàdo lọ́dún kejì, gbòǹgbò sóyà a tan irúgbìn wuta-wuta jí. Bí ó bá jí tí kò rí ohun tí yóò mu, a kú. Sóyà a tún máa fa oúnjẹ láti inú afẹ́fẹ́ sínú ilẹ̀. Kò lé ajílẹ̀ òyìnbó lọ pátápátá, ó dín in kù ni. Àwọn obìnrin sì ń fi sóyà ṣe àwàrà, tí a ń rà ní ìrọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n ó tó ọdún mélòó kan kí wuta-wuta tó dín kù lóko, àgbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Láti ọdún bíi mélòó kan ni àwọn ajínigbé ti ń lé àgbẹ̀ kúrò ní abúlé ní Birnin Gwari, ní àyíká Funtua, àti ní Chikun, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ungwan Boro gan-an wà. Àwọn mìíràn nínú wọn ti di alágbàṣe ní ìgboro, wọ́n sì ń ra àgbàdo jẹ lẹ́bàá títì bíi tiwa.